Black Dynamite (2009): àṣìṣe àmọ̀ọ́mọ̀ṣe, àti ìdí tí fíìmù náà kò fi kú

Òǹwòran_Òru

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àṣálẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká jókòó ti fíìmù kan: Black Dynamite, tí Scott Sanders darí, tí Michael Jai White sì jẹ́ olú òṣèré rẹ̀. Fún ẹni tí kò tíì wò ó, ọdún 1972 ni wọ́n gbé ìtàn náà kà. Wọ́n pa Jimmy, àbúrò Black Dynamite, akọni wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọpasẹ̀ àwọn tó pa á. Ọ̀nà náà gbé e gba ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí tí heroin ti wọlé tọ̀. Ó gbé e dé ìdí ọtí Anaconda tí wọ́n pọn láti sọ nǹkan ọkùnrin àwọn dúdú di kékeré, ó gbé e dé erékùṣù kung fu, ó sì parí sí ilé Ààrẹ Amẹ́ríkà, níbi tí òun àti Richard Nixon ti gbé nunchaku (igi méjì tí ṣéènì so pọ̀) kojú ara wọn.

Nígbà tó jáde lóṣù kẹwàá 2009, nǹkan bí ilé sinimá 70 ló gbé e. Owó tó pa ní Amẹ́ríkà kò tó 250,000 dọ́là, bẹ́ẹ̀ ìnáwó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 3. Lónìí, àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pọ̀ lọ jàra.

Kí ni wọ́n ṣe gan-an tí àwọn fíìmù àsínjẹ yòókù kò ṣe? Mo bèèrè nítorí pé àwa kan ń múra láti ya àsínjẹ oníṣẹ́jú mẹ́wàá, a ò sì fẹ́ kó mọ sórí irun áfúrò àti ṣòkòtò bọ́ńgò.

Àgbà_Sinimá

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹni tí wọ́n ń sín jẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Lọ́dún 1971, Melvin Van Peebles fi ọjọ́ 19 ya Sweet Sweetback's Baadasssss Song, Gordon Parks sì gbé Shaft jáde lọ́dún yẹn kan náà. Lọ́dún 1972, ọmọ Parks, Gordon Parks Jr., darí Super Fly. Àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù ńlá rí i pé àwọn dúdú ń tò sẹ́nu ọ̀nà sinimá, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú irú rẹ̀ jáde wìtìwìtì. Junius Griffin, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka NAACP (ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn dúdú) ní Hollywood, ló fún un ní orúkọ blaxploitation lọ́dún 1972, ìbáwí ló sì fi ṣe: ó ní wọ́n ń fi àwòrán aláṣẹ́wó àti oníṣòwò oògùn olóró jẹ owó àwọn dúdú.

Ẹ wá wo bí Black Dynamite ṣe kó ìtàn rẹ̀ jọ. Ọtí tó ń ba ọkùnrin dúdú nìkan jẹ́: ní Three the Hard Way (1974), Jim Brown, Fred Williamson àti Jim Kelly ń sá kiri láti dá àwọn kan dúró tí wọ́n fẹ́ da májèlé sínú omi ẹ̀rọ ìlú mẹ́ta, májèlé tó jẹ́ pé àwọn dúdú nìkan ló ń pa. Ọmọdé tí wọ́n fi oògùn bà jẹ́: ó wà ní Coffy (1973), níbi tí Pam Grier ti ń gbẹ̀san nítorí àbúrò rẹ̀ obìnrin. Erékùṣù kung fu: ẹni tó bá ti wo Enter the Dragon (1973) ti mọ ibẹ̀. Bullhorn, ọ̀rẹ́ Black Dynamite tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣe ewì: aláwàdà Rudy Ray Moore nínú Dolemite (1975) ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn májèlé yẹn sí ìsọkúsọ tó já bọ́ látọ̀run. Ọdún 1972 náà ni ìròyìn Tuskegee tú sáyé, pé iléeṣẹ́ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fi nǹkan bí irinwó ọkùnrin dúdú tó ní àrùn sífílíìsì sílẹ̀ láìtọ́jú fún 40 ọdún, kí wọ́n lè máa wo ohun tí àrùn náà yóò ṣe. Nígbà tí òǹwòran ọdún 1974 rí májèlé nínú omi, kò rẹ́rìn-ín. Black Dynamite mọ èyí. Ọtí Anaconda pa wá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe àròsọ, ìyẹn ló fi jẹ́ pé fíìmù náà ní egungun.

Kámẹ́rà_Ìbílẹ̀

Àgbà ti sọ ti ìtàn. Ẹ jẹ́ kí n mú ti àwòrán, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà.

Super 16, irú fíìmù 16mm kan, ni wọ́n fi ya Black Dynamite, lórí fíìmù reversal aláwọ̀ ti Kodak. Shawn Maurer ló wà nídìí kámẹ́rà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ pọ̀. Négátíìfù a máa gbójú fo àṣìṣe: bí ìmọ́lẹ̀ bá fi sítọ́ọ̀pù méjì pọ̀ jù (sítọ́ọ̀pù kan jẹ́ ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀), ẹni tó ń tún àwọ̀ ṣe ṣì lè fà á padà. Reversal kò mọ ìyẹn. Fíìmù tó gba inú kámẹ́rà kọjá gan-an ló máa di àwòrán tí ẹ ó wò. Bí ẹ bá fi ìdajì sítọ́ọ̀pù ṣi ìmọ́lẹ̀ wọ̀n, ojú á ti hàn án. Bó bá pọ̀ jù, iwájú orí òṣèré á funfun, kò sì sí ohun tó wà nínú funfun yẹn tí ẹ lè mú jáde mọ́. Bó bá kéré jù, aṣọ dúdú àti irun á lẹ̀ pọ̀ di òkùnkùn kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ̀n ọ́n ré, pupa á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, òjìji á le, awọ ara dúdú á máa dán. Ìrísí tí ojú wa mọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀dà àtijọ́ nìyẹn, kámẹ́rà ló sì fún wọn, kì í ṣe kọ̀ǹpútà.

Fíìmù reversal ISO 100 (ISO ni ìwọ̀n bí fíìmù ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀) tí wọ́n ṣe fún ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán fẹ́ iná púpọ̀. Bí ẹ bá gbé e wọ inú yàrá tó ní gílóòbù olómi-ọsàn, ẹ ní láti fi àsẹ́ búlúù 80A bo lẹ́ǹsì. Àsẹ́ yẹn a sì gbé sítọ́ọ̀pù méjì lọ, tó túmọ̀ sí pé ISO 100 ti di 25. Èyí ló fi dára kí ẹ ya àwọn ìran tó pọ̀ jù lọ níta tàbí lẹ́bàá fèrèsé ńlá, tàbí kí ẹ yá iná HMI tó ní àwọ̀ ọ̀sán.

Ẹ fi àkókò náà kún un. Ọjọ́ 20 ni wọ́n fi yà á, fíìmù náà sì jẹ́ ìṣẹ́jú 84. Ìyẹn ju ìṣẹ́jú mẹ́rin àwòrán tó wúlò lọ lójúmọ́. Rọ́ọ̀lù 16mm tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 400 kì í kọjá ìṣẹ́jú 11. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ irú ìnira yẹn kò lè máa tún ṣọ́ọ̀tì kan yà nígbà mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí fún àwọn tí wọ́n ń sín jẹ.

Òǹwòran_Òru

Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀gá. Owó wa kò lè gbé fíìmù rọ́ọ̀lù. Kámẹ́rà onídíjítà la ní. Ṣé ká kàn da ìlà àti ìdọ̀tí lé e lórí nígbà tí a bá ń tò ó?

Kámẹ́rà_Ìbílẹ̀

Rárá o. Ìlà àti ìdọ̀tí jẹ́ àmì ẹ̀dà tí wọ́n ti fi hàn káàkiri sinimá títí ó fi gbó. Grindhouse (2007) lo ọgbọ́n yẹn, ó sì bá ohun tí wọ́n ń wá mu. Black Dynamite kò gbára lé e. Ó fẹ́ kó dà bíi fíìmù tuntun ti ìgbà náà, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde.

Ohun tí ẹ ó ṣe rèé. Ẹ fi shutter sí 1/48, kí férémù jẹ́ 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ pa gbogbo ohun tó ń mú àwòrán dúró ṣinṣin nínú kámẹ́rà. Ẹ lo lẹ́ǹsì zoom àtijọ́ kan pẹ̀lú àsopọ̀ tó máa mú un wọ kámẹ́rà yín. Angénieux 12-120mm ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ṣiṣẹ́ 16mm nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: kò bo gbogbo ojú Super 16 tí ẹ bá ṣí i gbòòrò, igun á ṣókùnkùn. Nígbà tí ẹ bá ń tún àwọ̀ ṣe, ẹ tẹ òjìji mọ́lẹ̀ kó le, ẹ jẹ́ kí funfun fọ́ níbi tó bá ti fẹ́ fọ́, ẹ fi díẹ̀ kún pupa àti ìyeyè. Ẹ má fọwọ́ kan búlúù.

Zoom òjijì náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ayàwòrán tó mọṣẹ́ a kọ́kọ́ sún wọlé pátápátá sí ojú òṣèré, a tún ojú lẹ́ǹsì ṣe níbẹ̀ kó mọ́, lẹ́yìn náà ni yóò tó fà sẹ́yìn kó bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀tì. Bó bá wá sún wọlé, ojú náà á mọ́ kedere. Ẹni tó ń kánjú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á sún wọlé, ojú á ṣú, á wá máa wá a kiri. Bí ẹ bá fẹ́ àṣìṣe yẹn, ẹ fo ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ sì fi ọwọ́ yí lẹ́ǹsì, ẹ má fi mọ́tò yí i. Lẹ́ẹ̀kan péré nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá o. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta, òǹwòran á rò pé ayàwòrán yín ni kò mọṣẹ́.

Édítà_Ọ̀sán

Ibi tí ẹ̀gbọ́n parí sí ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀: lẹ́ẹ̀kan péré. Mo ti to àwọn àṣìṣe Black Dynamite sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sí èyí tó wá lásán. Ìdí kan ló so gbogbo wọn pọ̀: owó tí wọn kò ní láti tún un yà.

Ẹ wo máíìkì orí ọ̀pá tó sọ̀ kalẹ̀ wọ férémù tó sì kan irun akọni. Òṣèré gbé ojú sókè wò ó fìrí, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò dúró. Ìwò fìrí yẹn ni gbogbo ẹ̀rín. Ká ní kò wò ó, a ó rò pé àwọn tó ṣe fíìmù náà ni kò rí i. Ká ní ó dúró, tó rẹ́rìn-ín, ó ti di àpárá láàárín ọ̀rẹ́. Ó wò ó nítorí pé òun náà jẹ́ èèyàn, ó sì ń bá a lọ nítorí pé fíìmù inú kámẹ́rà ń parí lọ.

Òmíràn ni ti ọmọ ẹgbẹ́ ajàjàgbara tó ka ìtọ́ni inú ìwé eré jáde bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni, tó ní àwọn ajàjàgbara yíjú padà tìyanutìyanu. Ohun tó ń sọ fún wa ni pé wọ́n mú ẹni tí kì í ṣe òṣèré, wọ́n fún un níwèé láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó ní àyè láti dá a dúró. Ìran ìjà kan tún wà tí ẹ̀ṣẹ́ kan ba ọkùnrin kan ní tòótọ́, inú bí i, ó fẹ́ bá olú òṣèré jà lójú ara. Gbàrà tí àwòrán yí padà, ẹlòmíràn ti dúró sípò rẹ̀, ìjà sì ń lọ. Kò sí ìkankan nínú wa tí wọ́n ṣàlàyé fún, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn kámẹ́rà: wọ́n lé e lọ.

Nítorí náà fíìmù méjì ni ẹ ń wò pọ̀: ìtàn Black Dynamite, àti ìtàn àwọn tó ń tiraka láti yà á lọ́dún 1972. White pàápàá ti sọ pé òun kò ṣe Black Dynamite ní tààrà. Ferrante Jones ni òun ṣe, agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó ti fẹ̀yìn tì tó wá di òṣèré, tó sì ń ṣe Black Dynamite. Ẹ ronú sí Jim Brown àti Fred Williamson, pápá bọ́ọ̀lù ni àwọn méjèèjì ti wá. Nígbà tí ẹ bá ń kọ ìwé eré tiyín, ẹ kọ ìtàn kejì yẹn sílẹ̀ sórí bébà tirẹ̀. Ta ni olówó? Ọjọ́ mélòó ló kù? Ta ni wọ́n ti lé lọ? Àṣìṣe tí kò bá jáde látinú bébà yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Adé_Peckham

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, mo yapa díẹ̀. Gbogbo ìyìn yìí, ṣé ẹ ò gbàgbé I'm Gonna Git You Sucka ni? Ọdún 1988 ni Keenen Ivory Wayans ti ṣe é, òun ló kọ ọ́, òun ló darí rẹ̀, òun náà ló tún ṣe olú òṣèré. Ó pe àwọn akọni gidi wá: Jim Brown, Bernie Casey, Isaac Hayes, Antonio Fargas. Arákùnrin tí wọ́n ń gbẹ̀san rẹ̀ kú nítorí pé ṣéènì góòlù pọ̀ jù lọ́rùn rẹ̀! Lójú tèmi, ẹ̀rín inú rẹ̀ pọ̀ ju ti Black Dynamite lọ.

Àgbà_Sinimá

Adé, òdodo ni pé òun ló la ọ̀nà, ẹ̀rín rẹ̀ sì pọ̀. Bí mo bá sì ní láti mú ọ̀kan fún ẹni tí kò tíì wo blaxploitation rí, Sucka ni màá mú, torí pé ó ṣàlàyé ara rẹ̀. Àwọn akọni inú rẹ̀ ti dàgbà, àyíká wọn sì jẹ́ ti 1980s. Ó dúró síta, ó ń nàka sí ìgbà tó ti kọjá. Undercover Brother (2002) tí Malcolm D. Lee darí, tí Eddie Griffin ṣe, náà dúró síta bẹ́ẹ̀. Black Dynamite wọ inú lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀ tó mọ̀ pé àwàdà ni. Ìdí nìyí tó fi ṣeé wò lẹ́ẹ̀mẹwàá: ẹ̀yin ni ẹ máa ń rí àpárá náà fúnra yín, ẹ sì máa ń rí tuntun.

Ohun kan so méjèèjì pọ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ruth E. Carter ló bójú tó aṣọ fíìmù méjèèjì, àti ti Dolemite Is My Name (2019) tí Eddie Murphy ṣe. Òun kan náà ló gba Oscar lórí aṣọ Black Panther.

Ìyá_Aláṣọ

Ẹ ṣé tí ẹ dárúkọ Carter, torí aṣọ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán nínú irú fíìmù yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí yóò ti dùn yín.

Aṣọ tòótọ́ ti ìgbà yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ni ẹ máa ń rí nínú ọjà òkìrìkà, bẹ́ẹ̀ ìjà fẹ́ ẹ̀dà mẹ́ta ó kéré tán: ti òṣèré, ti ẹni tó ń jà nípò rẹ̀, àti èyí tí ẹ ó fà ya. Nítorí náà, ẹ fi tòótọ́ wọ ìran ọ̀rọ̀, kí ẹ rán ẹ̀dà fún ìran ìjà. Ẹ rán an pẹ̀lú pólísítà híhun tó nípọn. Tí ẹ bá fi kọ́tìnì rán an, á rún, bẹ́ẹ̀ ohun tí ojú mọ̀ mọ́ aṣọ 1970s ni pé kì í rún, ó sì máa ń dán lábẹ́ iná. Òwú inú aṣọ àtijọ́ ti gbó ju aṣọ gan-an lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ tú àárín itan ṣòkòtò bọ́ńgò yẹn, ẹ fi aṣọ onígun mẹ́rin kékeré bọ̀ ọ́, ẹ sì fi òwú tuntun rán an lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ kò bá ṣe é, ìpá àkọ́kọ́ ni yóò fà á ya.

Bàtà gàràńtì, kí ẹnikẹ́ni má fi jà. Ẹ fi hàn nínú ìran ìrìn, kí àwòrán bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Bó bá di ìjà, ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ aláwọ̀ kan náà, ẹnu ṣòkòtò tó fẹ̀ á bò ó. Pólísítà kì í jẹ́ kí ara mí, ẹ gbé fáànù àti táwẹ́lì sílé, torí òógùn á hàn lábẹ́ apá kí ọjọ́ tó dé ìdajì.

Onílù_Ìgboro

Ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ Adrian Younge! Òun ló ṣe orin fíìmù náà, òun náà ló tún tò ó. Ẹni kan ṣoṣo tó di orin àti àtòpọ̀ mú: ẹ ò rí i pé orin ń wọlé gẹ́lẹ́ níbi tó yẹ kó ti pani lẹ́rìn-ín? Iléeṣẹ́ Wax Poetics ló gbé àwo orin náà jáde lọ́dún 2009. Ohun èlò àtijọ́ àti téèpù ló lò. Àwọn tó gbọ́ orin rẹ̀ fún eré tẹlifíṣọ̀n Luke Cage, tí òun àti Ali Shaheed Muhammad jọ ṣe, á ti mọ ọwọ́ rẹ̀.

Ibi tí àpárá orin wà ni pé orin náà ń sọ ohun tí ojú ń rí. Jimmy kú, orin sọ pé Jimmy ti kú. Ẹ fi wé ohun tí Curtis Mayfield ṣe ní Super Fly lọ́dún 1972: àwòrán ń gbé oníkokéènì ga, orin Mayfield ń bá a wí. Younge mú ọgbọ́n kan náà, pé kí olórin máa sọ̀rọ̀ lórí ìtàn, ó wá yọ ìjìnlẹ̀ rẹ̀ kúrò. Ó sì kọ ọ́ dáadáa, bí orin tí èèyàn lè rà. Bí orin náà bá burú, àpárá kú.

Fún ẹni tó fẹ́ gbà á sílẹ̀: ẹ fi aṣọ bo ojú ìlù kékeré kí ó gbẹ, kó má ṣe gbọ̀n. Ẹ má lo ju máíìkì mẹ́ta lọ fún gbogbo ìlù. Háì-háàtì á máa lu mẹ́rìndínlógún nínú báà kan, bí ti Willie Hall nínú orin Shaft. Gìtá á gba inú wah-wah, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá, bí ti Charles Pitts nínú orin kan náà: kó di okùn pa, kó máa fi ẹsẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn jọ lù ú pọ̀ nínú yàrá kan. Bí ẹ bá gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹ sì fi kọ̀ǹpútà tò ó mọ́ ìlà, ìdáwọ́lé á péye jù, ìgbà yẹn á sì bọ́ kúrò lára rẹ̀.

Ọmọ_Akéwì

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí Bullhorn díẹ̀. Byron Minns tó ṣe é wà lára àwọn mẹ́ta tó kọ ìwé eré náà, pẹ̀lú White àti Sanders. Ọ̀nà tó ń gbà fi ọ̀rọ̀ dún mọ́ra jẹ́ ti Rudy Ray Moore, tó ti ń ké àwọn ewì ìgboro lórí ìtàgé kó tó ṣe Dolemite. Ọ̀kan nínú wọn ni ewì Signifying Monkey, ó sì ké e nínú Dolemite fúnra rẹ̀: ọ̀bọ tó ń fi ẹnu dá ìjà sílẹ̀ láàárín kìnnìún àti erin. Ọ̀jọ̀gbọ́n Henry Louis Gates kọ odindi ìwé lórí ọ̀bọ yẹn lọ́dún 1988, ó sì fà á padà dé ọ̀dọ̀ Èṣù Ẹlẹ́gbára tiwa. Ẹni tó bá mọ Èṣù tó wọ fìlà aláwọ̀ méjì gba àárín ọ̀rẹ́ méjì kọjá kò ní í pẹ́ rí ohun tí Gates ń wí.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ irú Bullhorn nínú tiyín, ẹ má wá ewì Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀fẹ̀ wà nílẹ̀ yìí.

Àgbà_Sinimá

O ṣeun, Ọmọ Akéwì. Ojúlówó okùn mìíràn tún so wá mọ́ ọn: Ossie Davis. Lọ́dún 1970 tó darí Cotton Comes to Harlem, tí ọ̀pọ̀ kà sí ọ̀kan nínú àwọn tó ṣí ọ̀nà fún blaxploitation, ọdún yẹn náà ni Kongi's Harvest tó darí ní Nàìjíríà jáde, Wọlé Ṣóyínká sì ni Kongi.

Adé_Peckham

Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí mi lọ́kàn padà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn ìdajì ìbéèrè àkọ́kọ́: kí ló dé tó fi ṣubú ní sinimá, tó wá ń gbé lẹ́yìn náà?

Édítà_Ọ̀sán

Tirela, ìyẹn fíìmù ìpolówó kúkúrú, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, òun ni wọ́n fi wá olówó. Fíìmù náà dé àjọ̀dún fíìmù Sundance ní oṣù kìíní 2009, àwọn èèyàn fò fún un, Sony sì san nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 dọ́là láti gbà á. Nígbà tó kan sinimá, iléeṣẹ́ Apparition tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ló gbé e jáde, ní ilé 70 yẹn. Fíìmù tí olú òṣèré rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, tó ń sín ohun tí ọ̀dọ́ ọdún 2009 kò wò rí jẹ, kò lè fi ilé 70 kó èrò.

DVD rẹ̀ jáde ní oṣù kejì 2010, ibẹ̀ ló ti rí ẹsẹ̀ dúró. Àtòpọ̀ rẹ̀ ló ṣe é. Ìran kọ̀ọ̀kan dá dúró fúnra rẹ̀, ẹ lè gé ogójì ìṣẹ́jú-àáyá kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mọ ìtàn náà, á sì yé e. Ẹ wo ìran ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń já àlọ́ ọtí Anaconda, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí súwíìtì M&M's tí wọ́n sì gba orí àwọn òrìṣà Gíríìkì kọjá, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fi ojú le koko gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnìkejì. Ìran yẹn ti rìn jìnnà ju fíìmù náà lọ. Lọ́dún 2012, Adult Swim, ètò tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, sọ ọ́ di eré àwòrán, Carl Jones tó ti ṣiṣẹ́ lórí The Boondocks ló wà nídìí rẹ̀, White, Minns, Tommy Davidson àti Kym Whitley sì padà wá fi ohùn wọn sí i. Ó parí ní 2015. Nígbà tí White máa ṣe Outlaw Johnny Black, àsínjẹ fíìmù kàbọ́ọ̀yì tó jáde ní 2023, ó tọ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n dá owó sí i, wọ́n sì dá a.

Kámẹ́rà_Ìbílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ máíìkì kún un, torí ó kan iṣẹ́ yín. Máíìkì tó ń yọjú nínú Dolemite ni gbogbo ayé fi ń bú ayàwòrán rẹ̀, Nicholas Josef von Sternberg. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Fíìmù 35mm a máa gba àwòrán tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ní igun mẹ́rin dọ́gba. Ní sinimá, wọ́n á fi ìbòjú gé òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò kó lè di 1.85, ìyẹn ni pé kí ìbú jẹ́ ìlọ́po 1.85 gíga. Ayàwòrán mọ̀ pé wọ́n á gé òkè, ó fi máíìkì sí ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e sórí fídíò, wọn ò gé e, máíìkì bá hàn síta. Iléeṣẹ́ Vinegar Syndrome tún fíìmù náà ṣe láti inú négátíìfù, wọ́n gbé Blu-ray jáde ní 2016 pẹ̀lú ẹ̀dà méjèèjì: nínú èyí tí wọ́n gé dáadáa, máíìkì tó pọ̀ jù lọ ti lọ.

Ẹ rí i pé ohun tí Black Dynamite sín jẹ níbẹ̀ jẹ́ Dolemite tí àwọn èèyàn wò nílé lórí fídíò. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, torí àwọn yẹn ni wọ́n gbé orúkọ Dolemite dúró. Tiyín náà: bí ẹ bá fẹ́ máíìkì, ẹ yà á ní 4:3, kí ẹ fi í sílẹ̀ ní 4:3. Ẹ má yà á ní 16:9 kí máíìkì wá sọ̀ kalẹ̀ láti inú férémù tó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní í jọ ẹ̀dà fídíò ìgbà yẹn.

Òǹwòran_Òru

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. A ó ya ìjà kan, ìran ọ́fíìsì kan, àti ìran ilé oúnjẹ. Kí la ó wò kó tó di pé a gbé kámẹ́rà, báwo la ó sì ṣe tò wọ́n?

Àgbà_Sinimá

Mẹ́ta péré. Ẹ kọ́kọ́ wo Three the Hard Way, kí ẹ kíyè sí bí ìjà ṣe ń lọ nínú ṣọ́ọ̀tì gbòòrò, tí ẹ ń rí ẹsẹ̀ àti orí papọ̀, tí wọn kì í gé e léraléra. White mọ karate ní tòótọ́, ìyẹn ló fi lè dúró nínú ṣọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀. Bí òṣèré yín kò bá mọ̀ ọ́n jà, ẹ dín ìgbésẹ̀ kù sí mẹ́rin, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan tún wọn ṣe títí kò fi ní í ronú mọ́. Tẹ̀ lé e, ẹ wo Dolemite ní ẹ̀dà méjèèjì, kí ẹ fi ìran kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wo Black Dynamite, ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ sì máa kọ ibi tí kámẹ́rà wà sílẹ̀ ní ìran kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ya ìran ọ́fíìsì ṣáájú, torí òun ló rọrùn jù, kí gbogbo yín lè mọ bí ojú ṣe máa le koko láìrẹ́rìn-ín. Ìjà ni kí ẹ fi kẹ́yìn. Bí ṣòkòtò bá ya níbẹ̀, kò sí ìran tó kù tí yóò dá dúró.